Bẹ́ ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀ jiọ́mẹ́tìrì látorí àmì kan ṣoṣo

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ jiọ́mẹ́tìrì, ẹ wá bébà tí ò nílà, pẹ́ńsù tẹ́nu ẹ̀ mú, rúlà àti protractor, ìyẹn ohun tá a fi ń wọ̀n igun, torí pé kéèyàn kàn máa fojú kà á ò tó, ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n.

Ẹ fẹnu pẹ́ńsù sàmì kan, ẹ pè é ní A. Point nìyẹn. Point ò ní gígùn, kò fẹ̀, kò nípọn, ibi tí nǹkan wà nìkan ló ń sọ fún wa, torí náà àmì dúdú tẹ́ ẹ ń wò yẹn, àwòrán ẹ̀ lásán ni.

Ẹ sàmì míì, ẹ pè é ní B, kẹ́ ẹ wá fi rúlà fa ìlà látorí A dé B. Èyí tó dúró síbi méjèèjì yẹn ni line segment, ó ṣeé wọ̀n. Tẹ́ ẹ bá fà á kọjá A, tẹ́ ẹ sì fà á kọjá B, tẹ́ ẹ fi orí ọfà sí ìdí méjèèjì, ó ti di line nìyẹn, kò lópin. Tó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ B nìkan lẹ fà á gbà, ray ni. Ibí lọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í o: segment AB àti BA, ọ̀kan náà ni, àmọ́ ray AB àti ray BA kì í ṣe ọ̀kan náà rárá, lẹ́tà àkọ́kọ́ ló ń sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ sàmì C síbi tí ìlà yẹn ò gbà kọjá. Ojú pẹrẹsẹ kan ṣoṣo, ìyẹn plane, ló lè gba àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ìdí nìyẹn tí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í fi í mì lórí ilẹ̀ tí ò tẹ́jú, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló máa ń mì.

Ó wá kan igun, ibi témi fẹ́ràn jù nìyí. Ray méjì tó bẹ̀rẹ̀ látorí àmì kan náà ló ń ṣe igun. Bí wọ́n ṣe yà síra tó là ń wọ̀n, kì í ṣe bí wọ́n ṣe gùn tó, ẹ fa apá ẹ̀ gùn títí dé etí bébà, igun yẹn ò ní fi dìgírì kan, ìyẹn ohun tá a fi ń ka bí igun ṣe tóbi tó, tóbi sí i. Ẹ gbé àárín protractor sórí ibi tí wọ́n ti pàdé, kí ìlà 0 bá apá kan mu, ẹ wá kà á dé apá kejì, àmọ́ nọ́ńbà tó wà lórí protractor, ọ̀wọ́ méjì ni, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 0 lórí apá tiyín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Kẹ́ ẹ má bàa ṣì í kà, ẹ fi igun bébà yín wò ó, dìgírì 90 nìyẹn, tí tiyín bá há jù bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́ ẹ wá ka 130, 50 ló jẹ́.

Ẹ wá so A, B àti C pọ̀, ẹ wọ̀n igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kẹ́ ẹ rò wọ́n pọ̀. 180 ló yẹ kó jẹ́, tó bá jẹ́ 179 tàbí 181, ọwọ́ ló yẹ̀ díẹ̀, àmọ́ tó bá jẹ́ 200, ẹ padà lọ wo ọ̀wọ́ nọ́ńbà tẹ́ ẹ kà.