Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Owó Àìlera Amẹ́ríkà Nígbà Tí Ọjọ́ Orí Ìfẹ̀yìntì Bá Pé

Ní Kábà, ní Ìsánlú àti ní Ẹ̀gbẹ̀, a ní àwọn ará wa tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà títí àìsàn tàbí ìjàǹbá fi dá wọn dúró, tí wọ́n sì ń gba owó àìlera lọ́wọ́ Social Security, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń san owó àìlera àti owó ìfẹ̀yìntì. Bí ọjọ́ ogbó ti ń súnmọ́ ni ìmọ̀ràn máa ń pọ̀, èyí tí ó sì léwu nínú rẹ̀ ni ti àwọn tí wọ́n ń fi òfin iṣẹ́ ọba Lọ́kọ́ja wọn ti Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ọgọ́ta ọdún lọ́jọ́ orí tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, bí ti Lọ́kọ́ja, ni Social Security fi ń mọ ìgbà tí ìfẹ̀yìntì pé. Ẹni tí a bí ní 1960 tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ìgbà tí ó bá pé ọdún 67 ni ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tó pé.

Ẹ má ṣe rò pé owó yóò dúró lọ́jọ́ náà, ẹ má sì ṣe dáwọ́ lé ilé kíkọ́ ní ìrètí pé yóò di méjì. Social Security fúnra rẹ̀ ni yóò sọ owó àìlera di owó ìfẹ̀yìntì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ̀wé béèrè, iye rẹ̀ kì í sì sábà yí padà. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí ẹ san owó kí òun lè bá yín ṣe ìyípadà náà, iṣẹ́ tí kò sí ni ó fẹ́ gba owó lé lórí.

Àṣìṣe tí ó ń dùn mí jù lọ ni ti ẹni ọdún 62 tí ara rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ mọ́, tí wọ́n wá ní kí ó tètè gba owó ìfẹ̀yìntì, kí ó fi wàhálà ìwé àìlera sílẹ̀. Owó àìlera ni a ń ṣírò bí ẹni pé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì ti pé, ṣùgbọ́n ẹni tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jẹ́ ọdún 67 tí ó gbà á ní 62 yóò pàdánù ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá yẹ kí ó gba 1,500 dọ́là lóṣù, 1,050 ni yóò máa rí, àdínkù náà kì í sì í kúrò bí ó bá dàgbà sí i. Bí ó bá ti ṣiṣẹ́ tó bí òfin ti wí, kí ó béèrè owó àìlera kí ọjọ́ orí náà tó pé.

Ẹ má ṣe da owó yìí pọ̀ mọ́ SSI, èyí tí a ń san fún aláìní. Ẹni tí ó bá wà lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà fún ọgbọ̀n ọjọ́ léraléra, SSI rẹ̀ yóò dúró. Dúkìá ẹnì kan kò sì gbọdọ̀ ju 2,000 dọ́là lọ. Ilé tí ó wà ní Kábà tí onílé kò gbé inú rẹ̀ lè wọ inú ìṣirò náà, ẹ má ṣe fi í pamọ́.

Ti Medicare, ìyẹn ètò ìjọba Amẹ́ríkà tí ń san owó ìtọ́jú ìlera, ọdún 65 ni kí ẹ máa ṣọ́, kì í ṣe 67. Òótọ́ ni pé kì í sábà san owó ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà, ìdí sì nìyẹn tí àwọn kan fi ń fagi lé Part B, apá Medicare tí ń san owó dókítà, nígbà tí wọ́n bá padà wálé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún fẹ́ ẹ lẹ́yìn ọdún 65, owó ìtanràn tí ó jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi í sílẹ̀ lè máa tẹ̀ lé wọn. Ẹ ro ó dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Ẹni tí ó bá sì ń gbé nílé níbí, kí ó má ṣe fojú di fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti mọ̀ bóyá ó ṣì wà láàyè, nítorí pé bí a kò bá dá a padà, owó yóò dúró. Kí ó sọ àdírẹ́sì tuntun rẹ̀ fún wọn. Bí ó bá sì kú, kí àwọn ọmọ tètè kéde ikú rẹ̀ fún Social Security, kí wọ́n má ṣe ná owó tí ó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ìjọba Amẹ́ríkà yóò gbà á padà.