Bí Mo Ṣe Ṣe Alága Ìjà Ẹnu Láàárín Duke àti Carolina

Kò sí bí èèyàn ṣe lè gbé ní agbègbè Durham, Chapel Hill àti Raleigh, ní ìpínlẹ̀ North Carolina, kí wọ́n má bi í pé ẹ̀yìn ta ló wà: Yunifásítì Duke ti Durham ni àbí Carolina, ìyẹn Yunifásítì North Carolina ti Chapel Hill? Wọ́n á bi ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á bi ọ́ lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín pẹ̀lú irin lẹ́nu rẹ. Yunifásítì méjèèjì kò jìnnà síra wọn ju nǹkan bíi máìlì mẹ́wàá lọ, wọ́n sì ti ń bá ara wọn fa bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ láti 1920. Raleigh lèmi ń gbé, NC State, yunifásítì tó wà níbẹ̀, ni mo sì ń tì lẹ́yìn, ìyẹn ni pé àwọn méjèèjì ò ka tèmi sí. Ìdí tí wọ́n fi yàn mí nìyẹn.

Ní April 2, 2022, Duke àti Carolina fẹ́ pàdé ní New Orleans nínú ìdíje NCAA, ìdíje oṣù March ti àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, tí ẹgbẹ́ 68 bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn, tí ẹyọ kan á sì kù gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá yege, àṣekágbá ló kàn. Pẹ̀lú gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń na ara wọn, wọn ò tíì pàdé rí nínú ìdíje yìí. Èyí tó tún wá le jù ni pé kóòṣì Duke, Mike Krzyzewski, tí gbogbo ayé ń pè ní Coach K, ti kéde pé sáà yẹn lòun máa fi fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún 42. Bí Duke bá pàdánù, ó parí nìyẹn.

Tọkọtaya kan tá a jọ wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá níbí fẹ́ gba àlejò lálẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá Ìbejì ń ṣiṣẹ́ ní Duke, Ìyá Ìbejì kàwé gboyè ní Chapel Hill. Ní March 5, tí Carolina lọ fi 94 sí 81 na Duke mọ́lé, nínú bọ́ọ̀lù tí Coach K máa darí kẹ́yìn ní pápá Cameron, àpárá ti di ìjà nílé yẹn. Ẹnì kan bú ẹnì kan débi ìdílé rẹ̀. Ìyá Ìbejì wá pè mí lórí fóònù: "Àbúrò mi, wá bá mi ṣe alága. Kí wọ́n máa bú ara wọn o, ẹnu wọn ni wọ́n jẹun fún. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan wà tó máa ní ó tó."

Ẹ mọ bí alága ìjókòó àti alága ìdúró ṣe máa ń ṣe níbi ìdána. Èyí á ní ẹbí ọkọ pẹ́ dé, kí wọ́n san owó ìtanràn. Tọ̀hún á ní ilẹ̀kùn ẹbí ìyàwó ló há. Ọ̀rọ̀ á máa fò, owó á máa wọ abọ́, kò sì sẹ́ni tó máa bínú lọ sílé. Ibẹ̀ ni mo ti mú gbogbo ètò mi.

Òfin ni mo kọ́kọ́ ṣe, mo sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí ẹnikẹ́ni tó wọ bàtà. A kì í bú àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún 18, 19, 20 ni púpọ̀ nínú wọn, ọmọ ẹlòmíì ni wọ́n, ẹkún ò sì jìnnà sí wọn. Ẹ lè bú kóòṣì, ẹ lè bú pápá, ẹ lè bú iléèwé, àti ẹni tó jókòó tì yín tó wọ búlúù tí kò tọ́. Yẹ̀yẹ́ tí kò bá ní ọdún àti iye nínú kò wọlé. Ẹni tí wọ́n bá bú ní ẹ̀tọ́ láti fèsì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ká yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹni tó bá rú òfin á ju dọ́là kan sínú abọ́.

Òfin ọdún àti iye yẹn ló ṣiṣẹ́ jù lọ. Ẹni tó kàn ń pariwo pé "ẹ ò mọ nǹkan kan" kò ní ohun tó máa tọ́ka sí, wẹ́rẹ́ ló máa jókòó. Ẹni tó mọ ìtàn ló máa sọ èyí tó máa dunni dé egungun. Àmọ́ alága gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, nítorí náà mo jókòó ti ìwé, mo ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ife Carolina mẹ́fà: 1957, 1982, 1993, 2005, 2009, 2017. Ti Duke márùn-ún: 1991, 1992, 2001, 2010, 2015, Coach K ló sì gba gbogbo wọn. Mo kọ ibi tó ń dun oníkálukú sí abẹ́ rẹ̀. Carolina kò wọ ìdíje rárá ní 2010, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n gba ife. Duke náà kò wọ ti 2021. Ní sáà 2001 sí 2002, Carolina borí mẹ́jọ, wọ́n pàdánù 20. Mo mọ̀ pé wọ́n máa débẹ̀.

Nígbà tí mo dé Durham, Kansas àti Villanova, ẹgbẹ́ méjì yòókù tó kù nínú ìdíje, ti ń gbá tiwọn lórí tẹlifíṣọ̀n, a sì pa ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àsìkò tiwa nìyẹn, kí Duke àti Carolina tó bọ́ sí pápá. Mo ti ní kí wọ́n pín pálọ̀ sí méjì: búlúù tó dúdú ti Duke lápá òsì, búlúù ojú ọ̀run ti Carolina lápá ọ̀tún, kí abọ́ súyà wà láàárín, torí mi ò fẹ́ gbọ́ pé ẹnì kan ń fi ẹran jẹ wọ́n níyà.

Ibi tá a ti ń pín àga ni ìyá Bàbá Ìbejì ti sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti wá kí ọmọ. Adìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n wọ̀, bùbá àti ìró. Aṣọ náà dúdú bí aró ṣe máa ń dúdú tí wọ́n bá rì í lórí rì í, àmọ́ ibi tí ẹ̀kọ ti gba aró dúró, àwòrán ẹyẹ àti ewé inú rẹ̀, mọ́lẹ̀ bí ojú ọ̀run. Ariwo ta. Bàbá Ìbejì ní, "Ẹ wo aṣọ lára màámi! Duke pọ́ńbélé!" Ìyá Ìbejì ní kí wọ́n sún mọ́ ọn dáadáa, kí wọ́n wo ẹyẹ, ta ló ni àwọ̀ yẹn? Màmá dúró, wọ́n wò wọ́n lọ́tùn-ún lósì. "Ẹgbẹ́ tó bá mọ iye tí mo ra aṣọ yìí ní Ìtòkú ni tèmi." Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ alága.

Bàbá Ìbejì ló ṣí i. "February 5 ọdún yìí. 87 sí 67. Ní Chapel Hill, nínú ilé yín, lójú ìyá yín!" Ó wọlé, àmọ́ mo gba dọ́là kan nítorí "ìyá". Ó san án tayọ̀tayọ̀.

Ìyá Ìbejì kò tilẹ̀ dìde. "March 5. 94 sí 81. Ẹ pe gbogbo àwọn ọmọ tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún yín rí, wọ́n rọ́ wá ṣe ìdágbére fún Bàbá. Ṣebí Bàbá fúnra wọn ló gba makirofóònù tí wọ́n ń bẹ àwọn èèyàn. Ẹ̀yin lẹ se àsè, àwa la jẹ ẹ́."

Èyí dùn wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Duke fò dìde pé ní ìdíje yìí kan náà, Carolina ń fi àmì 25 ṣáájú Baylor, wọ́n jẹ́ kí wọ́n lé wọn bá, àfìgbà tí wọ́n fi àkókò kún un kí wọ́n tó rí 93 sí 86 mú lọ. "Ta ló máa ń fi 25 ṣáájú tó tún ń gbààwẹ̀ kó tó borí?" Ẹ̀gbọ́n kan lápá ọ̀tún, oníṣirò owó ni, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ní Baylor ló gba ife ọdún tó ṣáájú, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ó wá yíjú sí ọmọ náà, ó ka àwọn iléèwé kékeré tó ti na Duke nínú ìdíje yìí. "Lehigh, 2012, 75 sí 70. Mercer, 2014, 78 sí 71."

"Mercer? Níbo nìyẹn?"

"Ìbéèrè tẹ́ ẹ bi nìyẹn kí wọ́n tó nà yín."

Màmá ò mọ Mercer, wọn ò mọ Lehigh, síbẹ̀ wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú. Ó hàn sí mi pé ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù máa ń mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bá ibi tó yẹ.

Ẹnì kan fẹ́ mú àwàdà àtijọ́ jáde, pé Duke kì í ṣe iléèwé North Carolina, pé àwọn ọmọ New Jersey ló kún ibẹ̀. Mo dá a dúró. Kò ní iye nínú, àti pé ẹni tó wọkọ̀ òfurufú láti Ìbàdàn kò ní ẹnu tó máa fi pe ará New Jersey ní àjèjì.

Èyí tó fẹ́ dàrú ni ti kíláàsì. Ọ̀dọ́mọkùnrin Duke yẹn tún dìde, ó ní kí wọ́n ṣí etí. Ó ní ìwádìí tí Carolina fúnra wọn ní kí wọ́n ṣe, tó jáde ní 2014, sọ pé fún ọdún 18, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ju 3,100 lọ jàǹfààní kíláàsì tí kì í pàdé rárá, ọ̀pọ̀ eléré ìdárayá sì wà nínú wọn. "Ẹ̀kọ́ wo sì ni? Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ Áfíríkà! Ẹ̀yin àǹtí wa, ilẹ̀ baba yín ni wọ́n ń gba A lé lórí láìwọ kíláàsì." Ilé dákẹ́. Ẹnì kan ní alága, èyí kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Mo rò ó wò: ọdún wà níbẹ̀, iye wà níbẹ̀, kò sì dárúkọ ọmọ kankan. Mo ní ó wọlé.

Ìyá Ìbejì mu omi díẹ̀. "Ó dáa. 1995. Ẹ̀yìn ń dun Coach K, ó kúrò ní sáà, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ Pete Gaudet ló bá wọn parí ẹ̀. Borí mẹ́rin, pàdánù 15. Nínú ìwé yín lónìí, orúkọ ta ni 15 yẹn wà? Ti Gaudet ni. Tiwa, akẹ́kọ̀ọ́ ni kò wọ kíláàsì. Tiyín, kóòṣì ni."

Nínú gbogbo alẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò gbọ́ èsì tó dára tó bẹ́ẹ̀. Bàbá Ìbejì gan-an pàtẹ́wọ́ fún aya rẹ̀, àwọn ará òsì sì ń wò ó bí ọ̀dàlẹ̀.

Bó ṣe di pé wọ́n dojú kọ mí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n oníṣirò ní, "Alága, ọmọ Yorùbá ni ọ́ àbí o kì í ṣe é? 1983, ní Albuquerque. Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, ọmọ wa, ń gbá fún Houston nínú àṣekágbá. Ta ló nà wọ́n? NC State! 54 sí 52, Lorenzo Charles ló ki bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n bí àkókò ṣe ń tán. Ọmọ wa ni wọ́n sì yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ, nínú ẹgbẹ́ tó pàdánù. O wá ń wọ aṣọ pupa àwọn tó pa á lẹ́kún?"

Mo lè dákẹ́. Mi ò dákẹ́. Mo ní kó padà sẹ́yìn lọ́dún kan, 1982, ní New Orleans, nínú pápá Superdome kan náà tá a fẹ́ wò yìí. Ìpele kan náà. Ta ló na Olajuwon àti Houston, 68 sí 63? Carolina ni, Michael Jordan sì wà nínú wọn. Apá òsì bú sẹ́rìn-ín, Bàbá Ìbejì dìde ó ń jó: nínú ilé yìí, Duke nìkan ni kò fọwọ́ kan ọmọ wa! Wọ́n ní alága kì í bá wọn jà, kí n san dọ́là kan. Mo san án.

Ó ku ọ̀rọ̀ Coach K. Ẹni ọdún 75 ni bàbá náà nígbà yẹn, mo sì ti rí i lójú àwọn Carolina pé wọ́n fẹ́ fi ogbó rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní rárá, a kì í fi ogbó bú àgbà, Màmá sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá Ìbejì ní òun gbọ́, òun kàn fẹ́ kí Bàbá ni. Ó kúnlẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọdún 42. A sìn yín dé ẹnu ọ̀nà ní Cameron ní March 5. Lálẹ́ òní la máa sìn yín délé." Ọkọ rẹ̀ béèrè bóyá ìyẹn bófin mu. Mo yẹ̀ ẹ́ wò títí, mi ò rí ibi tí mo lè mú un.

Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Carolina ló borí, 81 sí 77. Caleb Love ti Carolina gba àmì 28, ó sì ju ẹlẹ́mẹ́ta kan, èyí tó ń mú àmì mẹ́ta wá, nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú àáyá 25, ìyẹn ló dá ẹsẹ̀ Duke. Armando Bacot, tiwọn náà, fẹsẹ̀ kọ, ó padà wá, bọ́ọ̀lù 21 ló gbà padà. Kò sẹ́ni tó bú ẹnikẹ́ni fún ìgbà díẹ̀. Ìyá Ìbejì bu ata ẹran fún ọkọ rẹ̀, ó fi ẹran tó pọ̀ sí i. Owó inú abọ́, àwọn ìbejì ló pín in.

Lọ́jọ́ Monday, nínú àṣekágbá, Kansas lé Carolina bá, tó ń fi 40 sí 25 ṣáájú nígbà ìsinmi, wọ́n sì gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́. Agbábọ́ọ̀lù Kansas tí wọ́n yàn pé ó dára jù ni Ochai Agbaji, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Kò pẹ́ tí Bàbá Ìbejì kọ ọ́ sórí WhatsApp ní lẹ́tà gàdàgbà pé ọmọ wa ti gbẹ̀san fún Duke. Ìyàwó rẹ̀, tó ṣeé ṣe kó jókòó tì í lórí àga kan náà, fèsì pé ìgbà wo ni Kansas di Duke, àwọn tó ti wà nílé láti Saturday. Ó ní kí alága dá sí i. Mo ní kí Bàbá Ìbejì san dọ́là kan: kò kọ 72 sí 69 sí i.