Bí A Ṣe Lè Kọ́ Nípa Àwọn Ètò Inú Ara Ènìyàn Nípa Títẹ̀lé Ẹ̀jẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó fẹ́ mọ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Wọn a kọ orúkọ àwọn eegun sílẹ̀, wọn a kọ ti àwọn iṣan tẹ̀ lé e, wọn a sì há gbogbo rẹ̀ sórí. Kí oṣù kan tó pé, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti fò lọ. Orúkọ kò burú, ṣùgbọ́n orúkọ tí kò bá iṣẹ́ rìn kì í pẹ́ lórí ẹni. Ọ̀nà tí èmi fara mọ́ ni pé kí a mú ohun kan ṣoṣo tó ń dé ibi gbogbo nínú ara, kí a máa tẹ̀lé e láti ẹ̀yà kan dé òmíràn, kí a sì máa béèrè ìbéèrè mẹ́ta ní ibi kọ̀ọ̀kan tí a bá dé: kí ló wọlé síbí, kí ló jáde níbí, ta ló sì ń pàṣẹ fún un? Ẹ̀jẹ̀ ló yẹ jù fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ibi tí kò dé nínú ara kò pọ̀ rárá. Ohun tí ẹ nílò kò ju ìwé, gègé, aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá, àti ara tiyín lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́. Ẹ na ọwọ́ kan kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ máa wo òkè, kí ẹ wá fi ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ọwọ́ kejì tẹ ẹ̀gbẹ́ ọrùn ọwọ́ náà díẹ̀, ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, títí ẹ ó fi rí ibi tí iṣan ti ń lù. Ẹ má ṣe fi àtàǹpàkò wá a, nítorí pé iṣan inú àtàǹpàkò fúnra rẹ̀ ń lù, ó sì lè tàn yín jẹ. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ sì sọ iye náà di ìlọ́po méjì. Fún àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́, ó sábà máa ń wà láàárín 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Ti àwọn tó ń sáré ìje lè rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti ọmọ ọwọ́ sì máa ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lè rí i lọ́rùn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tẹ ẹ̀gbẹ́ ọrùn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà láé, nítorí pé àwọn iṣan yẹn ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ.

Iye tí ẹ kà yìí lè kọ́ yín ní ohun tí ó rú àwọn ọ̀mọ̀wé lójú fún èyí tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí ọkàn àgbàlagbà bá lù, ó máa ń ti nǹkan bíi mílílítà 70 ẹ̀jẹ̀ jáde. Bí ó bá lu ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan, gbogbo rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ pé lítà 5, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi lítà 5 náà ni gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára. Ní wákàtí kan, ohun tí ọkàn tì jáde á ti tó nǹkan bíi lítà 300, tí ìwọ̀n rẹ̀ ju ti ẹni tó ni ọkàn náà lọ fíìfíì. Kò sí oúnjẹ tí ènìyàn lè jẹ tó lè di ẹ̀jẹ̀ tuntun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò sì sí ibi tí ara lè kó o sí. Irú ìṣirò yìí ni oníṣègùn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nì, William Harvey, gbé kalẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1628, láti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń lọ tó sì ń padà bọ̀. Ohun tí kò lè rí ni ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà bọ́ láti inú iṣan àlọ, tó ń gbé e kúrò nínú ọkàn, sínú iṣan àbọ̀, tó ń gbé e padà. Oníṣègùn ará Ítálì nì, Marcello Malpighi, ló fi awò amúǹkan-tóbi rí àwọn iṣan tíntìntín tó so wọ́n pọ̀, ní ọdún 1661, nínú ẹ̀dọ̀fóró àkèré.

Nísinsin yìí, ẹ ya ọkàn sínú ìwé yín. Ẹ ya àpótí kan, kí ẹ pín in sí yàrá mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ẹ kọ «ọ̀tún» sí apá òsì ìwé, kí ẹ sì kọ «òsì» sí apá ọ̀tún rẹ̀, nítorí pé ẹni tó ni ara ni a fi ń wọn ọ̀tún àti òsì, kì í ṣe ẹni tó ń wò ó; ẹni tó bá fo àlàyé yìí kò ní lè ka àwòrán kankan nínú ìwé ìṣègùn láìṣì í kà. Ẹ̀jẹ̀ tí ara ti gbà lára ọ́síjìn inú rẹ̀ ń wọ yàrá òkè lọ́tùn-ún, ó ń bọ́ sí ti ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni ọkàn ti ń tì í lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tó ti gba ọ́síjìn níbẹ̀ ń padà sí yàrá òkè lósì, ó ń bọ́ sí ìsàlẹ̀, ó sì ń gba ibẹ̀ jáde lọ sí gbogbo ara. Ògiri yàrá ìsàlẹ̀ lósì nípọn ju ti ọ̀tún lọ, torí pé ọ̀nà rẹ̀ jìn jù. Àwọn ilẹ̀kùn tó wà láàárín yàrá òkè àti ti ìsàlẹ̀, àti àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde kúrò nínú ọkàn, ń ṣí sí ọ̀nà kan ṣoṣo, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa padà sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń pa dé ló ń fa ìró méjì tí dókítà ń fi ẹ̀rọ gbọ́ láyà.

Ibì kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọsẹ̀ sí. Wọ́n ti gbọ́ pé inú iṣan àlọ ni ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn máa ń gbà, wọ́n sì gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbi gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣan àlọ ni èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn, iṣan àbọ̀ sì ni èyí tó ń gbé e padà, ohun yòówù tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Nítorí náà, iṣan àlọ tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró ń gbé ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn rẹ̀ ti dínkù. Ẹ̀jẹ̀ inú iṣan àbọ̀ kì í sì í ṣe aláwọ̀ búlúù bí àwọn àwòrán ṣe ń fi hàn. Pupa ni, àmọ́ ó ṣókùnkùn díẹ̀.

Bí ẹ bá tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró, ẹ dùbúlẹ̀ kí ẹ gbé ọwọ́ kan lé àyà, kí ẹ gbé èkejì lé ikùn, kí ẹ sì mí bí ẹ ṣe ń mí tẹ́lẹ̀. Ikùn á máa gbéra sókè. Ẹ̀dọ̀fóró kò ní iṣan ẹran ara tí ó lè fi na ara rẹ̀. Iṣan ẹran ara fífẹ̀ kan tó pààlà láàárín àyà àti ikùn ló ń sọ̀ kalẹ̀, tí àyè inú àyà sì ń gbòòrò, tí afẹ́fẹ́ yóò fi wọlé. Àgbàlagbà tó sinmi sábà máa ń mí láàárín ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Nínú afẹ́fẹ́ tó wọlé, nǹkan bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ọ́síjìn. Nínú èyí tó jáde, ó ṣì kù tó nǹkan bí 16, ìdí sì nìyẹn tí èémí ẹnì kan fi lè gba ẹlòmíràn tí kò mí mọ́ là. Ní ti ẹni tó ń pàṣẹ, ọpọlọ ni, ní apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ dá èémí dúró díẹ̀, ẹ ó rí i pé ohun kan ń fipá mú yín láti mí. Kì í sábà jẹ́ àìtó ọ́síjìn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì, èyí tí a máa ń mí jáde, tó ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ ni.

Láti inú ọkàn, apá kan ẹ̀jẹ̀ ń lọ sí ikùn, níbi tí yóò ti gba èròjà oúnjẹ. Ẹ jẹ búrẹ́dì tí kò ní ṣúgà, kí ẹ máa rún un lẹ́nu fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ẹ tó gbé e mì. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, nítorí pé itọ́ ẹnu ti ń sọ ọ́ di ṣúgà. Bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú àpòlúkù kò ṣeé wò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 1822, ìbọn ba ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Alexis St. Martin ní Amẹ́ríkà, ojú ọgbẹ́ náà kò sì dí tán: ihò kan ṣẹ́ kù tó wọ inú àpòlúkù rẹ̀. Oníṣègùn William Beaumont ń so oúnjẹ mọ́ fọ́nrán, ó ń tì í gba inú ihò náà wọlé, ó sì ń fà á jáde láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ìwé tó kọ nípa rẹ̀ jáde ní ọdún 1833. (Bóyá ohun tó ṣe fún ọkùnrin náà tọ́ tàbí kò tọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣègùn ṣì ń jiyàn lé lórí.) Ohun tó rí ni pé omi kíkan inú àpòlúkù ń yọ́ oúnjẹ ní tòótọ́, kì í ṣe pé àpòlúkù kàn ń lọ̀ ọ́ lásán.

Ìfun tín-ín-rín ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 6, inú rẹ̀ ni òróòro láti inú ẹ̀dọ̀ àti omi láti inú páńkíríàsì (ẹ̀yà kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù) ti ń parí iṣẹ́ lórí ọ̀rá, purotéènì àti ṣúgà, ara ògiri rẹ̀ sì ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú èròjà náà. Ẹ kíyè sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ yìí gbà lẹ́yìn náà, nítorí pé kò lọ tààrà sí ọkàn bí ti àwọn apá ara yòókù. Iṣan kan kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀ ná. Ẹ̀dọ̀ ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń tọ́jú ṣúgà tó bá pọ̀ jù, ó ń sọ ọ̀pọ̀ májèlé di ohun tí kò lè pani lára, kí ó tó jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà lọ sí ọkàn. Ẹni tó bá ti lóye ọ̀nà yìí kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́ nípa ìdí tí ọtí àti ọ̀pọ̀ oògùn tí a gbé mì fi ń kọ́kọ́ ba ẹ̀dọ̀ jà. Páńkíríàsì náà ní iṣẹ́ kejì: òun ló ń tú ínsúlíìnì sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí ṣúgà lè wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì (ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ara) ti iṣan ẹran ara àti ti ọ̀rá. Bí ínsúlíìnì kò bá tó, tàbí tí ara kò bá dáhùn sí i mọ́, ṣúgà á máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà nìyẹn.

Kíndìnrín méjèèjì kéré, síbẹ̀ wọ́n ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kan asẹ́ tíntìntín. Ní ọjọ́ kan, omi tí wọ́n ń sẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ tó nǹkan bíi lítà 180, bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ tí a ń tọ̀ kò sábà ju lítà kan ààbọ̀ sí méjì lọ. Gbogbo ìyókù ni wọ́n ń dá padà sínú ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú iyọ̀ àti ṣúgà tí ara ṣì nílò. Ẹ wo àwọ̀ ìtọ̀ yín nígbà tí ẹ kò tíì mu omi láti àárọ̀, kí ẹ tún wò ó lẹ́yìn tí ẹ bá ti mu omi dáadáa. Ohun tó fa ìyàtọ̀ náà ni pé ẹṣẹ́ kékeré kan tó wà lábẹ́ ọpọlọ ló ń rán họ́mọ̀nù, ìyẹn èròjà tó ń gbé àṣẹ nínú ẹ̀jẹ̀, sí kíndìnrín pé kí ó dá omi dúró tàbí kí ó jẹ́ kí ó lọ.

Àṣẹ inú ara ń gba ọ̀nà méjì, ó sì dára kí a má dà wọ́n pọ̀. Họ́mọ̀nù ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn. Ó sábà máa ń lọ́ra, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ń pẹ́. Iṣan ìmọ̀lára, ìyẹn àwọn okùn tó ń gbé ìsọfúnni káàkiri ara, yára. Nínú àwọn tó yára jù, ìsọfúnni ń rin nǹkan bíi mítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti rí i, ẹ jókòó sórí ohun tó ga kí ẹsẹ̀ yín má kanlẹ̀, kí ẹnì kan sì fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ gbá abẹ́ orókún yín fẹ́ẹ́rẹ́, nísàlẹ̀ eegun ojú orókún. Ẹsẹ̀ á ta síwájú. Ìsọfúnni náà dé ọ̀pá ẹ̀yìn, ó sì padà láìdúró de ọpọlọ. Ìgbà tí ẹ ó fi mọ̀ pé wọ́n gbá yín, ẹsẹ̀ ti ta ná.

Ní ti eegun, àgbàlagbà ní 206, ọmọ tuntun sì ní jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé àwọn kan ń so pọ̀ bí ó ṣe ń dàgbà. N kò rò pé ó yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí há gbogbo wọn sórí. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé ọ́síjìn, èyí tí ọjọ́ ayé rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 120 ọjọ́, àti sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àìsàn jà. Àwọn iṣan tó ń gbé eegun dà bí okùn: wọ́n lè fa nǹkan, wọn kò lè tì í. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ní méjì-méjì. Ẹ di apá òkè mú, kí ẹ ká ìgúnpá kò, kí ẹ tún nà án. Ẹ ó mọ̀ bí ti iwájú ṣe ń le tí ti ẹ̀yìn sì ń dẹ̀, lẹ́yìn náà kí ọ̀rọ̀ yí padà. Awọ ara, ètò ìbímọ àti àwọn ẹ̀yà tó ń dáàbò bo ara kò ṣòro láti fi kún àwòrán yín báyìí, nítorí pé ìbéèrè mẹ́ta náà ṣì tó fún wọn.

Láti dán ìmọ̀ yín wò, ẹ dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ ka bí iṣan ọwọ́ ṣe ń lù, kí ẹ dìde dúró sẹ́bàá àga, kí ẹ sì tún un kà lójú ẹsẹ̀. Bí òòyì bá kọ́ yín, ẹ jókòó. Iye náà sábà máa ń lọ sókè. Ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ láìwo ìwé, kí ẹ tó ka èyí tó kù: ẹ̀jẹ̀ ya lọ sí ẹsẹ̀, ìfúnpá inú iṣan àlọ dínkù, àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ìfúnpá náà lára iṣan ọrùn àti iṣan ńlá tó ti inú ọkàn jáde fi tó ọpọlọ létí, iṣan ìmọ̀lára mú kí ọkàn yára, ó sì mú kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ fún, àwọn iṣan ẹran ara iwájú àti ẹ̀yìn ojúgun sì ń fún iṣan àbọ̀ pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè gòkè padà. Bí ẹ bá dúró pẹ́, kíndìnrín àti họ́mọ̀nù yóò dá sí i nípa dídá iyọ̀ àti omi dúró. Ibi tí àlàyé yín bá ti yàtọ̀ sí èyí ni kí ẹ padà sí nínú àwòrán yín, kí ẹ tún bi í ní ìbéèrè mẹ́ta náà.