Agbára ẹṣin 190 tí kò lè fa ènìyàn kan dìde: ìrírí mi lórí ríra ọkọ̀ wakeboard àlòkù

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà kò ní àrùn kankan. V6 (onísìlíńdà mẹ́fà) lítà 4.3 ni, agbára ẹṣin 190, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì gùn tó mítà 5.8. Lójú ìwé, ó yẹ kó fa ẹni tó wà lórí wakeboard, ìyẹn pátákó tí ènìyàn máa ń dúró lé kí ọkọ̀ fi okùn fà á lórí omi, tòun ti ènìyàn mẹ́rin tó jókòó sínú rẹ̀. Nígbà tó dé orí omi, imú rẹ̀ ga sókè, ìdí rẹ̀ rì, ẹni tó di okùn mú lẹ́yìn sì mu omi yó kí ọkọ̀ tó gbéra. Kí n tó rí ìdí ọ̀rọ̀, owó tí mo ti ná lé e ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó tí mo fi rà á. Ọ̀pọ̀kúyọ̀kú ni mo kọ́kọ́ pè é.

Irú ọkọ̀ tí mo yàn kọ́ ni mo ṣì. Ọkọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún eré yìí, tí pùròpẹ́là rẹ̀ (abẹ tó ń yí nínú omi láti ti ọkọ̀) wà lábẹ́ ikùn ọkọ̀, ló dára jù, àmọ́ bó ti wù kó gbó tó, owó rẹ̀ kì í rọ̀. Mo gba sterndrive: ẹ́ńjìnnì wà nínú, ẹsẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ wà lẹ́yìn. Ó tó fún wakeboard, nítorí okùn tí a fi ń fa ènìyàn máa ń gùn tó mítà 18 sí 23. Ẹ má fi irú rẹ̀ ṣe wakesurf o, ìyẹn gígun ìgbì ẹ̀yìn ọkọ̀ láìdi okùn mú, torí ìdí ọkọ̀ gan-an ni oníwakesurf máa ń wà, ibẹ̀ náà sì ni pùròpẹ́là ti ń yí. Onísìlíńdà mẹ́rin lítà 3.0, agbára ẹṣin 135, ni mo fò dá. Ó lè fa ẹnì kan tó fúyẹ́ bí ẹni méjì péré bá wà nínú ọkọ̀. Ẹ fi ẹni méjì sí i, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. V6 ni ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. V8 lítà 5.0 tàbí 5.7 sàn jù ú lọ, bí apá yín bá ká epo rẹ̀.

Àyẹ̀wò ẹ́ńjìnnì, mo ṣe é dáadáa, ẹnu mi sì gbà á. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, mo yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, mo gé iná rẹ̀, mo ṣí throttle (ohun tó ń ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti epo sínú ẹ́ńjìnnì) gbayawu, mo wá wọn compression, ìyẹn bí sìlíńdà ṣe ń tẹ afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù kò tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ́ìlì gíà tó wà nínú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́. Ká ní ó funfun bíi wàrà ni, omi ti wọlé nìyẹn. Rọ́bà bellows, èyí tí kì í jẹ́ kí omi wọlé láti ibi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kò sán, mo sì yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sọ́tùn-ún sósì, n kò gbọ́ kí bearing, ìyẹn ohun tí ọ̀pá inú rẹ̀ ń yí lórí rẹ̀, kùn. Mo wá sanwó.

Ibi tí wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀ ni aago RPM, èyí tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ́ńjìnnì yìí, bí ẹ bá ti throttle dópin tí ẹrù wà nínú ọkọ̀, ó yẹ kó yí láàárín 4,400 sí 4,800 ní ìṣẹ́jú kan. Aago iwájú mi ka 4,600. Mo ní pùròpẹ́là bá a mu nìyẹn, ẹ̀bi ò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ni mo bá kọjú sí epo àti iná. Mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mo pààrọ̀ wáyà wọn, mo pààrọ̀ asẹ́ epo, mo fọ kabúrétọ̀, mo ra pọ́ǹpù epo tuntun. Kò sí èyí tó mú ìyàtọ̀ kankan wá, kò sì sí èyí tí wọ́n máa dá owó rẹ̀ padà.

Mẹkáníìkì kan ní àfi ká tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Mo kọ̀ jálẹ̀. Mo ní kí ẹnì kan ti ọ̀pá throttle dópin nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa, mo sì wo ẹnu kabúrétọ̀: àwọn àwẹ́ inú rẹ̀ ṣí tán, kò kù síbì kan. Àìsàn kéébù tó ń fa throttle kọ́ nìyẹn. Ìgbà yẹn ló tó sọ sí mi lọ́kàn pé n kò tíì yẹ aago fúnra rẹ̀ wò. Mo lẹ bébà tó ń dán mọ́ púlì iwájú ẹ́ńjìnnì, mo fi aago oníná tí wọ́n ń mú lọ́wọ́ kà á lórí omi. 3,900! Aago iwájú mi ti ń fi 700 kún un látọjọ́ yìí.

Ìdí rẹ̀ kò tó ohun tí ènìyàn ń sunkún sí. Ẹ̀yìn irú aago bẹ́ẹ̀ ní swíìṣì kékeré kan tí wọ́n kọ 4, 6 àti 8 sí, ìyẹn iye sìlíńdà. Ìpẹtà ti bá irin inú rẹ̀, kò fara kanra dáadáa mọ́. Mo pa iná, mo yí swíìṣì náà síwá sẹ́yìn bí ìgbà mẹ́wàá, mo dá a padà sí 6, aago sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òtítọ́. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, tí kò ná mi ní nǹkan kan, lẹ́yìn tí mo ti ra pọ́ǹpù epo.

Ọ̀rọ̀ wá hàn kedere: pùròpẹ́là le jù fún ẹ́ńjìnnì. Pitch 21 ni wọ́n tẹ̀ sí ìdí rẹ̀, ìyẹn ni pé, ká ní inú ohun líle ló ń lọ bíi ìṣó oníyìípo, ínǹṣì 21 ni ì bá máa rìn nígbàkúùgbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ sáré. Àwa ò sì nílò eré: kìlómítà 30 sí 37 ní wákàtí kan ni wakeboard ń fẹ́. Ohun tí a nílò ni kí ọkọ̀ tètè gbéra. Ínǹṣì kan tí ẹ bá dín nínú pitch máa ń fi bíi 150 sí 200 kún RPM. 700 ló kù mí kù, mo ra pitch 17 aláwẹ́ mẹ́rin, ó gòkè dé 4,600 gidi. Ẹni tó wà lẹ́yìn dìde! Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ dá pùròpẹ́là náà lọ́lá.

Àmọ́ ọkọ̀ ṣì ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń pa, bó bá sì dúró lórí omi, ìdí rẹ̀ jókòó sísàlẹ̀ ju ibi tí àmì ìdọ̀tí omi àtijọ́ wà lọ. Mo wọ́ ọ lọ sórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù. Òun àti kẹ̀kẹ́ tó gbé e jẹ́ kílò 2,070. Mo sọ ọkọ̀ sómi, mo wọn kẹ̀kẹ́ nìkan: 480. Ó ku 1,590. Epo lítà 70 inú rẹ̀ jẹ́ bíi kílò 52, bátìrì 22, ìdákọ̀ró, okùn àti jákẹ́ẹ̀tì 36. Ó ku 1,480, bẹ́ẹ̀ 1,200 ni wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀ náà. Kílò 280 tí n kò mọ̀ rí ń bá mi rìn kiri, bíi àgbàlagbà mẹ́rin tó fara pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀.

Omi ni. Mo lu ihò fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 5 sí ilẹ̀ ọkọ̀ lápá ẹ̀yìn, níbi tó rẹlẹ̀ jù, fóòmù tí mo fà jáde sì ń ro tótótó bíi kànìnkànìn. Òjò ló gba ihò ìdè àga wọlé, torí ẹni tó de àga kò fi nǹkan dí i. Orí ló bá mi ṣe é tí igi gbọọrọ tó gbé ilẹ̀ ọkọ̀ dúró kò tíì jẹrà: mo fi ìlu tín-ínrín lu ú, ẹ̀rún tó jáde gbẹ, ó sì mọ́. Ká ní ó dúdú tó sì tutù ni, ọkọ̀ náà kò yẹ ní títúnṣe. Mo gé ilẹ̀, mo kó fóòmù dànù, mo jẹ́ kí inú rẹ̀ gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo da fóòmù tuntun sí i díẹ̀díẹ̀ torí pé ó máa ń gbóná bó bá ń wú, mo sì fi fáíbà bò ó padà. Ẹ má fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, fóòmù yẹn ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rì pátápátá bí omi bá kún un.

Ẹ wá wo ìjà mìíràn. Nígbà tí ọkọ̀ fúyẹ́ tán, pitch 17 tí mo ń yìn gbé RPM kọjá 4,900, ó ti ju ààlà lọ. Mo tún ra 19. Pùròpẹ́là méjì, nítorí pé mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ká ní mo mọ̀, òṣùwọ̀n ni mo máa kọ́kọ́ gbé e lọ kí n tó sanwó, màá wá fi aago oníná tí wọ́n ń mú lọ́wọ́ yẹ aago RPM ọkọ̀ wò, kí n tó dárúkọ pùròpẹ́là rárá. Ẹni tó bá ń tà tó sì kọ̀ kí ẹ wọn ọkọ̀ òun, ẹ kí i, ẹ máa lọ.

Báyìí, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ni ẹni tó wà lẹ́yìn fi ń dìde, RPM sì ń dé 4,600. Kí ìgbì ẹ̀yìn ọkọ̀ lè ga, mo to àpò omi méjì oní lítà 100 sí ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, mo sì dín ẹni méjì kù nínú ọkọ̀ kí ẹrù má baà kọjá iye tí wọ́n kọ sára àwo irin ẹ̀gbẹ́ ìdarí pé ọkọ̀ lè gbé. Bẹ́ẹ̀ ni o, mo sanwó kó omi 280 jáde, mo tún ń bu 200 padà. Èyí sáà ní ìdérí tí mo lè ṣí.