Àṣìṣe tí à ń ṣe nídìí tábìlì Olúwa

Ọjọ́ Sátidé la ṣe ìrántí ìyá wa àgbà lọ́dún tó kọjá, l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Mísà láàárọ̀, ìrẹsì àti ẹja díndín lọ́sàn-án. Ẹ mọ bí ilé Àjàṣẹ́ ṣe rí: Àgùdà wà níbẹ̀, Mẹ́tọ́díìsì wà níbẹ̀, àwọn ará Sẹ̀lẹ́, ìjọ tí Oshoffa dá sílẹ̀ nílùú yìí lọ́dún 1947, wọ sùtánà funfun lẹ́sẹ̀ lásán, àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ mùsùlùmí sì jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí fáda bẹ̀rẹ̀ sí í fún èèyàn ní ara Olúwa, tàtá (àǹtí) mi kan, Mẹ́tọ́díìsì paraku, dìde ó tò sórí ìlà. Ó dé iwájú, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Fáda bi í ní nǹkan wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó mi orí. Ẹkún ló fi padà sórí ìjókòó. Ó ní wọ́n lé òun nídìí oúnjẹ ìyá òun.

Àṣìṣe méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Àkọ́kọ́ kò le: ìjọ Àgùdà kì í sábà fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn. Kí o tó dìde níbi tí o ti jẹ́ àlejò, béèrè.

Èkejì ló wúwo. Oúnjẹ ìyá rẹ̀ kọ́ ni. Torí ìyá la ṣe gba Mísà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ni tábìlì. Àwa tí a mọ sàráà òkú dáadáa la tètè máa ń ṣi èyí mú. Jésù ní “ẹ máa ṣe èyí ní ìrántí mi”, a sì rò pé irú ìrántí tiwa náà ni. Oúnjẹ Ìrékọjá ló wà nídìí rẹ̀ nígbà tó sọ ọ́: ọ̀dọ́ àgùntàn, ewébẹ̀ kíkorò, àti àkàrà aláìwú, torí pé ìyẹ̀fun kò ráyè wú kí wọ́n tó kúrò ní Íjíbítì. (Àkàrà ni Bíbélì Yorùbá àtijọ́ pe búrẹ́dì. Ọmọ mi bi mí bóyá ẹ̀kọ ni Jésù fi jẹ ẹ́.) Dòní, àwọn Júù tó ń jẹ oúnjẹ yẹn gbà pé kí oníkálukú wo ara rẹ̀ bí ẹni tí òun gan-an jáde ní Íjíbítì. Pọ́ọ̀lù sì fi kún un pé ikú Olúwa là ń kéde “títí yóò fi dé”. Ta ló ń se ìrẹsì òkú tó ń sọ pé títí ìyá yóò fi dé?

Má ṣe fi ebi para rẹ nítorí ara Olúwa. Àwọn àgbà kan ṣì ń gbààwẹ̀ láti òru, títí kan ẹni tó ní ọgbẹ́ inú. Láti ọdún 1964, wákàtí kan péré ni ìjọ Àgùdà ní kí a fi gbààwẹ̀ kí a tó gbà á. Omi àti oògùn kò ba ààwẹ̀ jẹ́, òfin náà kò sì de aláìsàn àti arúgbó. Má sì mú ara Olúwa lọ sílé fi sínú pọ́ọ̀sì kí ọjà lè tà ní Wàǹdó. Bí ẹnìkan bá ń ṣàìsàn, sọ fún fáda tàbí pásítọ̀ kó gbé e lọ bá a. Ní nǹkan bí ọdún 155 ni Justin, òǹkọ̀wé Kristẹni àtijọ́ kan, ti kọ ọ́ pé àwọn díákónì ń gbé e lọ fún àwọn tí kò lè wá.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ “láìyẹ”, tí Pọ́ọ̀lù fi kìlọ̀ fún ẹni tó bá ń jẹ ara Olúwa. Obìnrin kan ládùúgbò wa kò jẹ ẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án torí pé òun àti orogún rẹ̀ ń jà. Ó ní òun kò yẹ. Ẹ ka Kọ́ríńtì kìíní orí 11 láti òkè. Àwọn ará ìjọ Kọ́ríńtì máa ń jẹun gidi níbẹ̀: ebi ń pa ẹnìkan, ẹnìkejì ti mutí yó, wọ́n ń dójú ti àwọn tí kò ní. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ni “láìyẹ” yẹn bá wí. Pọ́ọ̀lù kò ní kí ẹnikẹ́ni sá. Ó ní kí èèyàn yẹ ara rẹ̀ wò, kó sì jẹ. Kí wọ́n dúró de ara wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìrántí yẹn, abẹ́ báàṣì (kánópì) ni àwa tí a wọ aṣọ ẹbí jókòó sí, ẹja odidi lórí àwo. Mo lọ bu omi ní ilé ìdáná. Ọmọbìnrin tó ti ń fọ ìkòkò láti aago márùn-ún ìdájí lóṣòó sílẹ̀, ó ń fi ṣíbí họ ìdí ìkòkò ìrẹsì jẹ. Mo bu omi mi, mo padà sídìí ẹja mi.

Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí oúnjẹ lọ́dún yìí. Tàtá ti bá fáda sọ̀rọ̀: yóò ká ọwọ́ mọ́ àyà, wọn yóò súre fún un. Mo sì ti sọ fún àwọn tó ń bu oúnjẹ pé ilé ìdáná ni kí wọ́n kọ́kọ́ bù fún. Tọ́ńtọ́n (ọ́ńkù) wa àgbà ti ń ráhùn. Ó ní ṣé àlejò ni yóò wá máa họ ìdí ìkòkò ni.