Ẹ Forúkọ Sílẹ̀ Lọ́dọ̀ GP Kí Àìsàn Tó Dé

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, mo mọ̀ pé iṣẹ́ àti yàrá ló wà lọ́kàn yín. Síbẹ̀, mo bẹ̀ yín, lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ yìí gan-an, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP tó sún mọ́ ibi tí ẹ ń sùn. Dókítà àdúgbò ni. Níbí, ènìyàn kì í ṣàdédé lọ bá dókítà ọkàn tàbí ti egungun ní ilé ìwòsàn ńlá. GP ló máa ń kọ̀wé ránni lọ.

Oṣù mẹ́jọ ni mo lò ní Peckham kí n tó forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó gbà mí sílé kò fẹ́ kí lẹ́tà kankan wọlé lórúkọ mi. Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ ní kí n mú ẹ̀rí àdírẹ́sì wá, mo bá padà sílé. Orí ń fọ́ mi lójoojúmọ́, mo ń fi oògùn ẹ̀fọ́rí tí mo gbé ti Ìbàdàn wá tì í, títí ojú mi fi ṣókùnkùn níbi iṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé, ní England, kò pọn dandan kí ènìyàn ní ẹ̀rí àdírẹ́sì, páálí tàbí nọ́ńbà NHS (ètò ìlera ìjọba) kó tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP. Wọ́n lè béèrè, ṣùgbọ́n tí ẹ kò bá ní in, ìyẹn kò tó kí wọ́n lé yín. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé. Ọ̀fẹ́ ni rírí GP, ohun yòówù kí físà yín jẹ́. Ilé ìwòsàn ńlá ló lè gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní físà tàbí ẹni tó kàn wá ṣèbẹ̀wò. Ẹ̀yin tí ẹ san owó ìlera mọ́ físà, £1,035 lọ́dún, tàbí £776 fún akẹ́kọ̀ọ́ àtàwọn ọmọdé, ẹ ti sanwó tiyín. Ẹ lò ó.

Oògùn ni ẹ ó máa sanwó fún. Láti oṣù karùn-ún 2024, £9.90 ni ẹyọ kan tí dókítà bá kọ. Ẹni tó ń lo oríṣi mẹ́ta lóṣooṣù yóò ná ju £350 lọ lọ́dún, bẹ́ẹ̀ ìwé àsansílẹ̀ ọdún kan wà ní £114.50. Ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, ẹni tó ti pé 60, àti aláboyún tó bá gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá péré ni dókítà ní fún yín. Àwa máa ń kí ènìyàn dáadáa, a óò sọ ti ẹ̀yìn ríro, a óò wá fi èyí tó ń dẹ́rù bà wá sílẹ̀ di ìgbà tí a bá dé ìdí ilẹ̀kùn, tí a ń jáde lọ. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Bí ẹ bá ní nǹkan ń rìn yín lára, ẹ ṣàlàyé rẹ̀: ibo, láti ìgbà wo, ṣé ó ń ta yín àbí ó ń gbóná? Ẹ má sì fi agbo tí ẹ ń mu pamọ́, ó lè bá oògùn jà. Bí ó bá jẹ́ màmá yín ni, ẹ béèrè ògbufọ̀ Yorùbá nígbà tí ẹ bá ń gba àyè láti rí dókítà. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́wàá máa túmọ̀ àìsàn abẹ́ ìyá rẹ̀ fún dókítà.

Bí ilé ìwòsàn GP bá ti tì, ẹ pe 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera. Àyà tó ń dunni gan-an, èémí tí kò délẹ̀, ẹnu tó ṣàdédé wọ́, 999 ni, nọ́ńbà pàjáwìrì.

Bí ẹ bá sì kó kúrò ní yàrá, ẹ sọ fún GP lọ́jọ́ náà. Àdírẹ́sì àtijọ́ ni lẹ́tà ilé ìwòsàn ńlá yóò máa lọ, onílé yẹn kò sì ní pè yín.