Bí A Ṣe Ń Tọ Ipa Fáìlì Láti Mọ Bí Ìjọba Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìjọba ń ṣe dáadáa ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ ẹnu gómìnà tàbí ti alága káńsù ni ọ̀pọ̀ wa máa ń gbé yẹ̀ wò. Ó sàn kí ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, ká ní gọ́tà àdúgbò yín, kí ẹ sì tọ ipa ìwé rẹ̀, nítorí pé bí owó tilẹ̀ wà nílẹ̀, tí akọ̀wé kò bá gbé fáìlì, gọ́tà kò ní í ṣeé gbẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ni iṣẹ́ náà. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló wà ní Ìbàdàn. Àwọn ọ̀nà kan jẹ́ ti ìpínlẹ̀, àwọn mìíràn sì jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà láti béèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀, orúkọ agbaṣẹ́ṣe àti ọjọ́ tó yẹ kí iṣẹ́ parí. Òfin ọdún 2011 tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba kò ní kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè, ọjọ́ 7 ló sì fún ọ́fíìsì náà láti fèsì, àfi tí ìdí bá wà láti fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ gbé lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ kí wọ́n sì kọ ọjọ́ sí èyí tí ẹ óò mú padà. Ẹ má ṣe kúrò níbẹ̀ láìgba òǹtẹ̀.

Mo ti gbé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì kan rí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, abẹ́ fláàsì tíì ni mo ti bá a, àmì ìdí fláàsì roboto lórí orúkọ mi. Wọ́n ti gbé akọ̀wé tó gbà á lọ sí ẹ̀ka mìíràn, kò sì sí ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ rẹ̀ lé lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ má tètè pariwo olè; ẹ bi wọ́n léèrè ọwọ́ ẹni tí fáìlì wà báyìí àti ẹni tó kù tí yóò buwọ́ lù ú. Ibi tí ìdáhùn bá ti dojú rú ni ìṣòro ìṣàkóso wà. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn ní ọdún 1955, Awólọ́wọ̀ ló ṣèlérí rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní Ìbàdàn níbí ni wọ́n ṣètò yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ fún un.

Bí wọ́n bá kọ̀, òfin ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, ẹ sì lè gba ilé-ẹjọ́ lọ láàárín ọjọ́ 30. Bí wọ́n bá sì fèsì, ẹ mú ìwé náà àti téèpù lọ sí ẹ̀bá gọ́tà, kí ẹ wọn gígùn rẹ̀.